Lẹ́tà Tí Mo Fi Lé Ọmọ Mi Jáde

14, Weir Street,
Thornclough,
Lancashire.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìn-ín-ní, 1998.

Janice ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Murray ọkọ rẹ, mo kí Kirsty. Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ sì kú ooru, nítorí o ti sọ fún mi pé inú ooru lẹ ti ń ṣe Kérésìmesì ní Dunedin. Níbí, omi ti dì nínú páìpù ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ara mi le. Neil àbúrò rẹ náà wà, kò burú. Ó ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Gareth nọ́ọ̀sì ló ń wá gún un nílé, a sì máa ń fún Gareth ní tíì àti bisikíìtì kan. Tẹ́lẹ̀, méjì ni.

Ohun tó mú mi kọ̀wé kí oṣù tó parí ni pé mo lọ sí ọ́fíìsì káńsù nítorí páìpù òrùlé tó já. Ìyáàfin Holroyd, obìnrin tó máa ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì, ṣí fáìlì wa, ó sì bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: ta ni yóò máa gbé ilé náà lẹ́yìn mi? Mo ní Neil ni. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Èmi àti ìyá rẹ la jọ fọwọ́ sí ìwé tí a fi háyà ilé yìí lọ́wọ́ káńsù ní 1959. Nígbà tí ìyá rẹ kú, ilé di tèmi nìkan. Èmi rò pé kò sí ohun tó yí padà. Ṣùgbọ́n lójú òfin, ilé ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òfin sì gbà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ti lọ. Bí mo bá kú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n á fún Neil kí ó fi kó jáde.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wálé, kì í sì í ṣe nítorí owó bọ́ọ̀sì nìkan. Mo ń ṣírò. Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Bàbá mi kú ní ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, Walter ẹ̀gbọ́n mi kú ní mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Bí mo bá da tiwọn pọ̀ tí mo pín in sí méjì, ó ku ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ fún mi. Neil jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlógójì. Láti ìgbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú ní ọmọ ọdún méjìlélógún, kò dá gbé rí. Bí wọ́n bá ní kí ó jáde lóṣù tí wọ́n sin mí gan-an, ìwọ náà mọ ibi tí yóò parí sí: abẹ́ afárá, tàbí ilé ìwòsàn tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta.

Nítorí náà mo ti gba fọ́ọ̀mù. Ojú ìwé méjìlélógún ni. Ilé kan wà ní Albert Road tí àwọn tó ní irú àìsàn Neil ń gbé, oníkálukú pẹ̀lú yàrá àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, alábòójútó sì wà nísàlẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó wọ̀, nígbà tí mo ṣì lẹ́sẹ̀ láti máa lọ wò ó. Máàkì ni káńsù fi ń yan èèyàn. Ẹni tó bá ní ọgọ́ta máàkì ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò. Òṣìṣẹ́ wọn ń bọ̀ nílé wa ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí láti wá wọ̀n wá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn ọkọ̀ ní ẹnu ọ̀nà àgbàlá èédú. Ẹ̀rù ìwọ̀n kì í bà mí.

Má sọ fún Neil pé mo ń ka ọdún ara mi.

Bàbá rẹ,
S. Catlow.


Dunedin,
New Zealand.
Ogúnjọ́, oṣù kìn-ín-ní, 1998.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o. Kirsty ní kí n kí Bàbá Àgbà, kí n sì sọ fún yín pé eyín òun kejì ti yọ, òun kò sì sunkún. Murray kí yín.

Mo ka lẹ́tà yín nígbà ìsinmi oúnjẹ ní ilé ìfọṣọ wa ní ọsibítù, mo tún un kà nínú bọ́ọ̀sì, mo sì kọjá ibi tí ó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀. Dádì, kí ló ń lé yín? Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti káńsù wálé nínú yìnyín kò tíì ṣe tán láti kú. Mo béèrè lọ́wọ́ ìjọba bóyá Neil lè wá bá wa gbé níbí. Ìbéèrè nípa àìsàn ọpọlọ wà ní ojú ìwé kẹta fọ́ọ̀mù wọn, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Nítorí náà n kò ní sọ pé kí ẹ má gbìyànjú ti Albert Road.

Ṣùgbọ́n ẹ ti bi í? Oṣooṣù ni Neil ń kọ̀wé sí mi, kò sì sọ rí pé òun fẹ́ kúrò nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé òun ló sú yín.

Bí òṣìṣẹ́ náà bá ń bọ̀, ẹ kó àwọn ìwé ìròyìn tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn kúrò. Ẹ jẹ́ kí Neil fá irùngbọ̀n. Ẹ gbé àwọn ife Mọ́mì jáde, èyí tó ní etí wúrà, kí wọ́n má lọ rò pé ìdílé tí kò bìkítà ni wá.

Inú mi dùn pé ẹ ní Neil kò burú. Láti ìgbà tí Mọ́mì ti kú lẹ ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun sì ni mo fi ń tu ara mi nínú.

Ọmọ yín,
Janice.


14, Weir Street.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì, 1998.

Janice ọmọ mi,

Mo kí gbogbo yín. Ẹ bá mi kí Kirsty kú eyín. Ìyáàfin Kenyon tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hun súwẹ́tà rẹ̀ tán. Ó ku apá kan.

A ṣe bí o ti wí, a sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fọ ilé. Mo kúnlẹ̀ fọ òkúta ẹnu ọ̀nà títí ó fi funfun bíi ti ayé ìyá rẹ. Neil fá irùngbọ̀n, ó wọ táì. Mo ra kéèkì, odindi.

Obìnrin tí wọ́n rán wá tó ẹgbẹ́ rẹ, ó sì níwà. Ó bi Neil pé báwo ló ṣe ń ṣe sí. Neil ní, “A dúpẹ́, kò burú.” Ó yíjú sí mi, ó bi mí bóyá mò ń rí i gbé. Mo ní a ò lè ráhùn, àwọn tí tiwọn le ju tiwa lọ pọ̀. Ó ní ṣé Neil máa ń se oúnjẹ. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ búrẹ́dì yan tó o. Ó ní èmi ńkọ́, ṣé mò ń sùn. Mo ní fọnfọn. Ó jẹ kéèkì, ó yin ife ìyá rẹ, ó ní ilé tòun fúnra òun kò mọ́ tó báyìí. Nígbà tó jáde, èmi àti Neil bọ ara wa lọ́wọ́ bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Èsì dé ní ọjọ́ kejìlá. Máàkì mẹ́rìnlá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé mọ́ tónítóní, pé ẹni tó ń béèrè múra dáadáa, pé bàbá rẹ̀ ń bójú tó o láìsí wàhálà.

Mo gbé ìwé náà tọ Ìyáàfin Holroyd lọ lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀. Ó kà á, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Catlow, ṣé ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ara yín lẹ fi gbọn máàkì mẹ́rìndínláàádọ́ta dànù?” Ó ní bí ìnira bá ṣe pọ̀ tó ni máàkì ń pọ̀ tó. Mo ní àlejò ń bọ̀, kí ni kí n ṣe? Ó ní òun ò bá mi wí, ìyá òun náà ì bá fọ ilé, gbogbo àwa ará ìhín la máa fọ ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Janice, ní àgbàlá èédú, mo rí awakọ̀ tó kó òkúta sábẹ́ ẹrù kí ó lè wúwo. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, n kò rí ẹni tó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà kí ó tó gun ìwọ̀n. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é.

Ọ̀nà kan kù, Ìyáàfin Holroyd sì fi ohùn kékeré sọ ọ́ fún mi. N kò fẹ́ràn rẹ̀, mo ṣì ń rò ó. N ó kọ ọ́ sínú páálí súwẹ́tà Kirsty lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n má baà sanwó ìfìwéránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ òkun ni yóò gbé e. Ti òfurufú jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, oṣù kẹfà sì ni ọjọ́ ìbí Kirsty.

Bàbá rẹ,
S. Catlow.


Dunedin.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 1998.

Bàbá mi,

Mo kí yín. N kò lè kí yín jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí.

Lẹ́tà Neil dé ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀dà ìwé kan wà nínú rẹ̀, ìwé tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ. Mo dà á kọ síhìn-ín, bí ẹ bá ti gbàgbé:

“Sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn. Èmi, Stanley Catlow, tí mo ń gbé 14, Weir Street, ń sọ pé n kò fẹ́ kí ọmọ mi Neil máa gbé nínú ilé mi mọ́. N kò lè fara dà á mọ́. Kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin. Lẹ́yìn ọjọ́ náà n kò ní ṣílẹ̀kùn fún un.”

Neil wá kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀: “Dádì ní kí n má dààmú. Mi ò dààmú. Ṣé yàrá Kirsty tóbi?”

N kò mọ iye ìgbà tí mo ka ìlà yẹn. Ní oṣù kìn-ín-ní, ẹ̀rù ń bà yín kí káńsù má lé e síta lẹ́yìn ikú yín. Ẹ ò dúró dè wọ́n mọ́. Ẹ ti bá wọn ṣe é lójú ayé yín.

Kí ni ẹ ò lè fara dà, Dádì? Ọdún mẹ́fà lẹ fi ń kọ ọ́ sí mi pé kò burú. Bí kò bá burú, kí ló wá dé? Bí ó bá sì burú, kí ló dé tí n kò fi mọ̀?

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: pé èmi ni mo kó lọ sí ìpẹ̀kun ayé ní 1986, tí mo fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́. Ó sàn fún mi kí ẹ sọ ọ́ ju kí ẹ máa fi ọ̀rọ̀ òtútù àti páìpù dá mi lóhùn. Ọjọ́ kẹtàdínlógún kò jìnnà. Ẹ fèsì kíá, kí ẹ sì fi ọkọ̀ òfurufú ránṣẹ́.

Janice.


14, Weir Street.
Ọjọ́ keje, oṣù kẹrin, 1998.

Janice,

Ìwé rẹ dé. Èsì rẹ̀ ti wà lórí omi láti ọjọ́ kejì oṣù kẹta, nínú páálí súwẹ́tà. Ka ìyẹn kí o tó dá mi lẹ́jọ́. Neil jẹun láàárọ̀ yìí.

Bàbá rẹ,
S. Catlow.


Dunedin.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin, 1998.

Bàbá mi,

Lórí omi. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ àbúrò mi sórí omi nítorí owó ìfìwéránṣẹ́.

Páálí kankan kò tíì dé. Ẹ ti gé fóònù ilé láti 1993 nítorí owó, nítorí náà Ìyáàfin Kenyon ni mo pè lánàá. Ó ní òun rí yín ní ibùdó bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́jọ àárọ̀. Neil gbé báàgì, ẹ̀yin gbé ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ padà wá. Ó ní òun bi yín léèrè Neil, ẹ sì ní kò burú.

N kò lè ṣe iṣẹ́. Mo ti lọ béèrè owó ọkọ̀ òfurufú, Murray sì ní kí n lọ bí mo bá fẹ́ lọ, a ó jẹ gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni n ó wá ṣe bí mo bá dé? Ilẹ̀kùn ta ni n ó kàn?

Níbo ni àbúrò mi wà?

Janice.


(Èyí tó wà nínú páálí)

14, Weir Street.
Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹta, 1998.

Janice ọmọ mi,

Mo fi súwẹ́tà sókè, mo fi lẹ́tà sísàlẹ̀, kí Kirsty lè kọ́kọ́ yọ̀. Bí apá rẹ̀ bá gùn jù, kí ó ṣẹ́ ẹ, yóò bá a dọ́gba lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀nà tí Ìyáàfin Holroyd sọ nìyí. Kò sọ pé kí n ṣe é o, iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè. Ó kàn sọ ohun tí àwọn òbí mìíràn ti kọ. Òfin ní ẹni tó bá ní irú àìsàn yìí tí kò sì ní òrùlé lórí, káńsù gbọ́dọ̀ wá ibì kan fún un. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí bẹ́ẹ̀dì Neil bá wà nílé mi, ó ní òrùlé. Bí mo bá ń fẹ́ ẹ, wọn kò rí ìdí tí wọ́n á fi fẹ́ ẹ. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i, kí n dá ọjọ́ sí i, pé n kò fẹ́ ẹ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo kọ ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, mo kọ “ó dùn mí gan-an”. Ìyáàfin Holroyd ní ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn lè yí ọkàn padà, kí n yọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ “bí ó bá ṣeé ṣe”. Ó ní kí n yọ ìyẹn náà. Bí ó ṣe ń yọ ọ́ nìyẹn, títí ohun tó kù nínú ìwé náà fi dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Mo fi han Neil kí ẹnikẹ́ni tó rí i. N kò lè ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó, ó kà á dópin, ó fi ìka tọ ìlà ìkẹyìn. Ó ní, “Ẹ ò ní ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yin?” Mo ní èmi ni. Ó ní, “Irọ́ ni, àbí?” Mo ní kì í ṣe irọ́, ìwé káńsù ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá òun lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní láíbìrì. Mo ní kí ó ṣe méjì.

Wọ́n tún fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn. Ìyáàfin Holroyd ní lọ́tẹ̀ yìí kí n má kọ ọjọ́ tó dára, kí n kọ ọjọ́ tó burú jù lọ. Mo jókòó, mo kọ ojú ìwé mẹ́rin. Bí mo ti ń kọ ọ́ ni mo rí i pé ìwọ náà kò mọ ìdajì rẹ̀. Ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n.

Láti 1993 n kò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Àga ni mo ń sùn lé, lẹ́yìn ilẹ̀kùn iwájú, nítorí lóṣù kejì ọdún náà Neil jáde láìwọ bàtà, ọlọ́pàá sì bá a ní etí omi. Bí mo bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò lè kọjá kí n má mọ̀. N kì í jẹ́ kí ó rí mi níbẹ̀. N ó dúró kí ó sùn, n ó sì dìde kí ó tó jí.

Fóònù tí mo gé, mo sọ fún ọ pé owó ni. Owó kọ́. Ó ń gbọ́ ohùn nínú rẹ̀ kódà nígbà tí kò bá dún. Nígbà tó yá, ohùn náà bọ́ sínú páìpù. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ó ti omi ilé pa fún ọjọ́ mẹ́rin, a sì ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ Ìyáàfin Kenyon. Neil fúnra rẹ̀ ló ní kí n kó àwọn ọ̀bẹ pamọ́. Kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí, má rò ó bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń bẹ̀rù.

Gbogbo “kò burú” tí mo kọ sí ọ, bákan náà ni òun àti ilé tí mo fọ̀ de àlejò. Mo wò ó pé ibi tí o wà jìnnà, o kò lè gbé ẹrù yìí láti ibẹ̀, kí ni kí n wá gbé e rù ọ́ fún? N kò bínú sí ọ rí pé o lọ. Ẹnì kan nínú wa ní láti lọ gbé ayé rẹ̀.

Bàbá rẹ,
S. Catlow.


Dunedin.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún, 1998.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Páálí dé lánàá. Kirsty wọ súwẹ́tà náà lọ síléèwé, ó ṣẹ́ apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú kíṣìnnì, mo ka lẹ́tà yín. Nígbà tí Murray wọlé, ó rò pé wọ́n ti sin yín. Ẹ dárí àwọn ọ̀rọ̀ tí mo kọ jì mí. Mo fẹ́ ya ẹ̀dà ìwé tí Neil fi ránṣẹ́. Murray gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní bóyá ìyẹn ni lẹ́tà tó nira jù tí ẹ kọ láyé yín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà jẹ mí ní ẹ̀bẹ̀ kan, Dádì. Ọdún márùn-ún lórí àga, tí ẹ sì ń kọ̀wé sí mi nípa yìnyín. N kì í ṣe àlejò yín. Ẹ má fọ ilé dè mí mọ́.

Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, bó ṣe rí gan-an. Mo ti fi owó ìfìwéránṣẹ́ sínú àpòòwé yìí, ti òfurufú. Kò sí àwáwí.

Ọmọ yín,
Janice.


14, Weir Street.
Ọjọ́ keje, oṣù kẹfà, 1998.

Janice ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Murray, mo kí Kirsty kú ìmúra ọjọ́ ìbí. Owó tó o fi ránṣẹ́ pọ̀ jù, mo dá ìyókù padà sínú èyí. Mo jẹ ọ́ ní ẹ̀bẹ̀ náà lóòótọ́. N kò kọ̀wé láti ìgbà yẹn nítorí mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí kí n tó sọ ọ́. Ìyẹn náà jẹ́ ara ìfọlé. N ó gbìyànjú láti jáwọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì náà a wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́jọ lọ sí ọ́fíìsì káńsù. Ìyáàfin Holroyd ti kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ bá a wọlé, nítorí ẹni tó lé ọmọ jáde kì í bá ọmọ gbé ìrọ̀rí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ gbà á. Mo gbé ìrọ̀rí náà fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé. Mo sọdá títì, mo dúró níwájú ilé oníbúrẹ́dì. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Obìnrin oníbúrẹ́dì jáde sí mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ máa rà ni, àbí ẹ ti háyà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi?” Mo ra ọ̀kan. Lẹ́yìn wákàtí kan mo ra òmíràn, kí ojú má tì mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ́fíìsì, Ìyáàfin Holroyd ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, lẹ́yìn tí Neil gbà á láyè. Obìnrin tó wá jẹ kéèkì wa ló tún jókòó síwájú rẹ̀. Ó bi í ní ìbéèrè kan náà, pé báwo ló ṣe ń ṣe sí. Neil gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní:

“Kò dáa. Bàbá mi ń sùn lórí àga lẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí mi. Ó rò pé mi ò mọ̀. Mo máa ń gbọ́ tó bá ń wúkọ́. Ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tó ń ṣọ́ mi, kí bàbá mi lè lọ sùn.”

Janice, n kò mọ̀ pé ó mọ̀. Èmi ń fi ara pamọ́ fún un, òun náà ń fi pamọ́ fún mi, nínú ilé oníyàrá méjì.

Máàkì méjìléláàádọ́rin ni wọ́n fún un. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sí ilé onígbà díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ibẹ̀ kò dára. Ariwo pọ̀, wọ́n jí báàgì rẹ̀, kò sì jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó tó ẹ̀ẹ̀mejì tí mo ti wọ ẹ̀wù òtútù láti lọ mú un padà wálé, Gareth ló dá mi dúró. Ó ní bí mo bá mú un padà, ó ti ní òrùlé nìyẹn, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí máàkì mẹ́rìnlá.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù yìí ló wọ ilé Albert Road. Yàrá rẹ̀ wà lókè, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ojú irin. Ara rẹ̀ kò tíì yá o, má jẹ́ kí n fọ èyí náà fún ọ. Ní ọjọ́ kẹta ó ti omi gbogbo ilé pa. Ọkùnrin kan wà nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Alábòójútó lọ ṣí i padà, kò pariwo, ó ní kí Neil máa sọ fún òun nígbà mìíràn kí àwọn jọ lọ gbọ́ ohun tó wà nínú páìpù náà. Ní tèmi, mo gun orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn dùn mí, mo padà sórí àga. Lánàá òde yìí ni mo sùn lórí bẹ́ẹ̀dì di àárọ̀.

Àná ni mo kọ́kọ́ lọ kí i. Ìwé àlejò kan wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kọ orúkọ sí i, àti ẹni tí wọ́n wá rí, àti ohun tí wọ́n jẹ́ sí i, àti àsìkò. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Neil din ẹyin, ó fi ẹ̀wà inú agolo sí i. Etí ẹyin náà jó díẹ̀. A jẹun, a wo ọkọ̀ ojú irin. Mo ka mọ́kànlá, òun ka méjìlá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù, ó wo agogo ara ògiri. Ó ní, “Dádì, aago mẹ́fà ni àlejò máa ń lọ.” Mo ní n kò tíì mu tíì mi tán. Ó ní kí n mu ún tán, òun á dúró. Ó dúró lóòótọ́. Ó sìn mí dé ìsàlẹ̀. Mo kọ aago mẹ́fà sínú ìwé náà. Ó wò ó láti ẹ̀yìn mi, ó ní aago mẹ́fà ti kọjá ìṣẹ́jú méjì, kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Mo pa á rẹ́, mo kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo jáde, ó sì tì í. Mo dúró títí mo fi gbọ́ tí ó yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, mo wá lọ sí ibùdó bọ́ọ̀sì.

Bàbá rẹ,
Stanley.